Aago Mẹ́ta Òru ní Salford

Ìwé ńlá kan wà lára ògiri wa,
ojú ilé mẹ́rìnlélógún, wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Pẹ́ńsù ń kọ ọ́, rọ́bà ń pa á rẹ́:
ìròyìn kí bọ́ọ̀sì tó kún,
ìkéde òkú lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ọkàn ti rọ̀.

Olúgbémiró, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà,
na ìka sí ìlà pupa:
"Bùrọ̀dá, ẹ wo aago mẹ́ta òru.
Ẹnì kan péré ló ń gbọ́.
Ẹ jẹ́ ká gé e,
ká já ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ fún orí fóònù."
Mi ò bá a jà. Owó iná ti gun òkè àjà.
Rọ́bà ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí fóònù ké.

"Ẹ káàárọ̀ o," ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Àríyíkẹ́ ni, ilé àwọn arúgbó ní Eccles,
iṣẹ́ òru ló ń ṣe.
"Ẹni tó ń bá wa ṣàìsùn, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ?
Orí fìríìjì ni rédíò wà; àwa mẹ́rin la ń gbọ́,
pẹ̀lú bàbá Jàmáíkà kan tí kò gbédè,
tó ní ohùn yẹn ló ń sọ fún òun pé ilẹ̀ yóò mọ́."

Olúgbémiró wo bàtà rẹ̀.
Ẹ̀rọ mọ iye etí tó ṣí,
kò mọ iye ara tó rọ̀ mọ́ etí kan.

Mo dá rọ́bà padà sí dúrọ́ọ̀.
Ọ̀rọ̀ owó iná, ó di ọ̀la.