Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ni Eluned Máa Ń Wá

Oṣù mẹ́ta ni mọ́tò Eluned ti wà ní gáréèjì Gethin,
òjò Blaenau ń lù ú lórí bí olówó-èlé tó ń kanlẹ̀kùn.
Ẹ́ńjìnnì tuntun ti wọnú rẹ̀; òòlù ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó,
síbẹ̀ wáyà mẹ́rin rọ̀ dirodiro,
wọn ò ríbi forí sọ.

"Irú kan náà ni," Gethin wí,
ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.
Eluned fi awò sójú, ó tẹ̀ wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó ka nọ́ńbà ara irin, ó ka ti inú ìwé ọkọ̀.
"Ẹ ní ìbejì ni wọ́n.
Ìyá wọn ò mọra, bàbá wọn ò pàdé rí."

"Ẹ ti fọwọ́ síwèé, màmá. A kì í dáwó padà."

Ó dáa.
Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
á gbé fúláàsì tíì dání, á jókòó sídìí sítíárìn,
á yí kọ́kọ́rọ́: kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́-kẹ̀ẹ́,
bí arúgbó tí ikọ́ há lọ́fun.
Oníbàárà tuntun á yọjú: "Kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?"
Eluned á rọra da tíì sínú ìdérí.
"Ẹ bi ọ̀gá."