Píà Akínyẹdé

Píà tí a mọ̀ ní Ìjọ̀kà, òróró ló wà nínú rẹ̀:
aláwọ̀ ewé, ọlọ́rùn gígùn,
tí bàbá wa fi ń ṣíji bo kòkó,
tí à ń fi búrẹ́dì jẹ láàárọ̀ Sátidé.
Èyí tí Akínyẹdé gbé ti Kòríà bọ̀
rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ bí iyanrìn odò Alà,
ó dé fìlà funfun bí àwọ̀n.
Yèyé gbé e sétí, ó fi ìka lù ú.
"Kí lèyí?"
"Píà ni, Yèyé."
"Irọ́ ni. Mo mọ píà."

Ọ̀bẹ kàn án, ó dún pà, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ ìrèké.
Omi ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ Yèyé.
Kò sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ ẹ́ kan àárín,
ó wá tu kóró dúdú mẹ́fà sátẹ́lẹwọ́,
ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí owó àjọ.

Akínyẹdé ní a kì í gbìn ín bẹ́ẹ̀.
Ó ní lọ́hùn-ún, lọ́gbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́,
ẹ̀ka igi kan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ igi mìíràn,
wọ́n á sì fi bébà wé èso lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń pọ́n mọ́ínmọ́ín.
Ó ní igi náà gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù
kó tó rántí pé òun lè tanná.
Yèyé ní, "Kò burú. Fíríìjì ń bẹ."

Ó fi tíṣù tútù wé kóró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
ó tẹ́ ẹ sáàárín ẹja àti ike tẹ̀tẹ̀.
Oṣù mẹ́ta. Iná ń lọ, iná ń bọ̀.
Bí kò bá dé fún ọjọ́ méjì,
èmi ni mò ń sáré ra yìnyín l'Ókè-Àró
fún èso tí kò mọ̀ wá rí.
Akínyẹdé ti padà lọ kí ẹyọ kan tó hù.

Ọdún kẹsàn-án rèé.
Igi ti ga ju òrùlé ilé ìdáná lọ,
adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀, a ń sáṣọ sí i,
òdòdó kan ò yọ.
Ìyá Fọlúṣọ́ ní àgàn ni, ká fi dáná.
Ọ̀sẹ̀ méjì ni Yèyé ò fi kí i.

Bí ọyẹ́ bá dé, tí ètè wa ń là,
tí àpáta ọ̀nà Ìdànrè sọnù sínú eruku,
Yèyé á jí láago márùn-ún,
á bọ́ síta láìbora,
á fọwọ́ lé èèpo igi náà:
"Èyí tí a ní nìyí o. Má wo kékeré rẹ̀."

Lánàá, Akínyẹdé pè.
Ó ní òjò dídì ń rọ̀, gbogbo igi ọgbà ti wọ́wé,
wọ́n dúró gan bí òkú.
Ó tún bèèrè: ṣé ó ti so?
Yèyé wo igi, ó wo fóònù.
"Ó ń wéwé dáadáa."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Akínyẹdé, ṣé o wọ ìbọ̀sẹ̀?"