Aago Àyà Nọ́ọ̀sì

Fọ́tò mẹ́ta ni mo kó wá sí Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
nínú àpòòwé tí kòkòrò ti dá lu.
Èkíní: àwọn ọmọ iléèwé tò bí àgbàdo,
igun ilé kan yọjú lẹ́yìn wọn,
igun lásán, àti fèrèsé onígíláàsì kan.
Èkejì: ìyàwó tuntun lórí àtẹ̀gùn.
Mo ka mẹ́fà. Ìkeje, bó bá wà,
aṣọ funfun ti bò ó mọ́lẹ̀.
Ẹ̀kẹta: Nọ́ọ̀sì Ọdúntọ́lá lẹ́bàá kànga,
aago kékeré láyà, ìkókó lápá,
ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ́ wọn wò lókè òrùlé.

Wọ́n ní ìkókó yẹn ni ìyá mi.
Wọ́n ní o. Ẹni tó lè búra ti lọ.

Mo béèrè ilé ìgbẹ̀bí náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́rin:
ọ̀kan ní abẹ́ ilé epo ni,
ọ̀kan ní ọ̀nà ló gbé e mì,
ọ̀kan ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí rí,
ẹ̀kẹrin bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi dé,
ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Ṣónúbi nìkan ló ní kí n jókòó.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi fa ṣéènì lẹ́yìn àwọn sọ̀fíyọ̀.
"Má wá ilé," ó ní. "Ilé ti kú.
Ibi tí ayàwòrán tẹ ẹsẹ̀ sí ni kó o wá."

A na fọ́tò síwájú ojú bí ìwé gbèsè.
A rìn sẹ́yìn, ilé agogo kéré;
a rìn síwájú, ó ga ju òrùlé lọ;
ọlọ́kadà bú wa, a bẹ̀ ẹ́.
Ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún
ń bẹ lósì. Kànga kò sí níbì kankan.
Mo ti fẹ́ di ẹrù mi.

Bàbá ló tẹjú mọ́ àyà nọ́ọ̀sì,
ojú ò tì í.
"Nọ́ọ̀sì wo ló ń fi aago há àyà ọ̀tún?"

Hàá! Wọ́n ti da fíìmù dé
kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, láti àádọ́rin ọdún.
Ọlọ́kadà tó bú wa yá wa ní dígí ọ̀kadà rẹ̀;
a gbé fọ́tò kojú rẹ̀,
ìlú sì yí padà sípò bí egungun tó yẹ̀.

Òdìkejì ọ̀nà ni. Ilé ìlagi.
Àwọn onípákó ń fi wá rẹ́rìn-ín.
Bàbá gún irin sínú ìyẹ̀fun pákó: wọ̀ọ́, wọ̀ọ́,
wọ̀ọ́,
kọ̀.
A fi ọwọ́ wú u. Sìmẹ́ńtì. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo,
ìsàlẹ̀ pátápátá,
èyí tí aṣọ ìyàwó bò.

Mo pe ìyá mi. Ó dákẹ́ pẹ́.
Kò béèrè ilẹ̀, kò béèrè kànga.
"Apá wo ló fi gbé mi?"
Mo wo fọ́tò, mo tún wo dígí.
"Apá òsì, Màámi. Lábẹ́ aago."
"Ẹn-ẹ́n," ó ní,
ẹ̀rọ ìlagi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
n kò gbọ́ ìyókù.