Bàtà Ọjọ́ Sátidé

Ọjọ́ Ajé lo gbé e wá, Rẹ̀mílẹ́kún,
bàtà eré aláwọ̀ ewé, tí ẹnu rẹ̀ ti yà lápá òsì.
O ní, "Bàbá Ṣúmékà, ẹ bá mi rán an lẹ́nu pa,
kó má baà tú àṣírí mi fáwọn tá a jọ ń sáré."
A jọ rẹ́rìn-ín.
Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni mo pè é.
O san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, o ní ó di Sátidé.

Ọjọ́bọ̀, wọ́n ní o da omi sí gààrí,
o jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá
pé kó wú díẹ̀,
o forí ti ògiri bí ẹni tó ń ronú.
Gààrí wú, ó kún abọ́.
Ìwọ ò dìde.

Kì í ṣe lórí pápá.
Kì í ṣe lórí Afárá Kátà,
níbi tí mo ti máa ń rí ọ ní ìdájí,
Ìdó lẹ́yìn rẹ, Ìdúmọ̀tà níwájú,
tí ìkùukùu ṣì bo ọ̀sà,
tí ẹsẹ̀ rẹ ń lu ọ̀dà, pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀,
kò kánjú, kò falẹ̀,
bí ẹni tó ń ka owó olówó.

Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ ju ojú rẹ lọ.
Òsì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, létí ìta,
torí o máa ń tẹ̀ sósì tó bá ti rẹ̀ ọ́.
Àwọn oníwèé ìròyìn kọ wúrà, wọ́n kọ iye ìṣẹ́jú.
Èmi nìkan ni mo rí i pé ó ń rẹ̀ ọ́.
Àbí ẹnu tó yà yẹn ní nǹkan án sọ fún mi,
tí mo mú abẹ́rẹ́,
tí mo fi òwú pa á lẹ́nu mọ́?

Kóòṣì Gbọ́yèga wá dúró níwájú ìsọ̀ mi,
aago eré lọ́rùn rẹ̀.
Ó ní, "Ìyípo márùndínlọ́gbọ̀n ni eré rẹ̀.
Ọmọ ọdún méjìlélógún.
Wọn ò tíì lu agogo ìkẹyìn fún un."
Ó wá tẹ aago náà.
Mi ò mọ̀ bóyá kó lè bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí kó lè dúró.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gbé ọ lọ sí Àtàn.
Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀,
ìyá ẹni tó fẹsẹ̀ mọ gbogbo ọ̀nà Èkó.
Ó jókòó nílé ní òpópónà Kánò,
ó ń pe orúkọ tó sọ ọ́ lẹ́yìn àwọn méjì tó ṣáájú rẹ lọ:
Rẹ̀mílẹ́kún, Rẹ̀mílẹ́kún.
Àwọn obìnrin dì í mú, wọ́n ní kó dákẹ́.
Orúkọ náà ti sáré kọjá wọn,
kò bojú wẹ̀yìn.

Sátidé pé.
Mo ti rán an tán. Òwú onílọ̀ọ́po méjì ni mo fi sí òsì.
Mo gbé e síta kí gọ́ọ̀mù gbẹ.
Ọmọdé kan bèèrè pé, "Bàbá, ti ta nìyí?"
Mo ní, "Olówó rẹ̀ ń bọ̀."
Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi.

Ó wà nínú ìwé gbèsè mi, lábẹ́ orúkọ Múfútáù onírẹ́sà:
Rẹ̀mílẹ́kún, ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Mi ò ní fa ìlà sí i.