Ohun Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé Ìpàdé

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òjò Wélsì ń rọ̀,
òjò tí kì í pariwo, tí kì í sì í lọ sílé.
Àwa méje la jókòó sí gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ Cwm Derwas.
Tíì ti tutù. Bisikíìtì ku ẹyọ kan nínú àwo,
kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun bí òun ṣe ń mú un.

Èmi ni akọ̀wé.
Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni mò ń kọ,
n kì í kọ ohun tí wọ́n fojú sọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé la kọ́kọ́ mú. Òrùlé ń jò
sórí àwòrán àwọn baba wa tó ń fọ́ òkúta lórí òkè.
Tegwen ti gbé garawa sáàárín wọn,
àfi bí ẹni pé ó bá wọn ya fọ́tò.

Lẹ́yìn náà, itẹ́ òkú. Ó ku àyè mọ́kànlá.
Eluned Prys, alága wa, ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé
kálukú ń ka orí tó wà nínú yàrá.

Meirion Bebb ní ká gé pápá bọ́ọ̀lù sí méjì:
"Òkú kì í bèèrè fún góòlù."
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó.
Ṣùgbọ́n omi ti gba ìdajì pápá náà.
Apá gbígbẹ ni òkú ń fẹ́,
apá gbígbẹ náà ni àwọn ọmọ ní.
Ilẹ̀ la ń jẹ, ilẹ̀ ni yóò jẹ wá;
ta ni yóò wá fa ìlà síbi tí oúnjẹ ti kan olóúnjẹ?

Idwal ni. Ó wà lẹ́yìn, fìlà lọ́wọ́,
òun tó ń gbẹ́ sàréè wa láàárín ọ̀sẹ̀,
tó ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà pápá láràárọ̀ Sátidé.
Okùn ìwọ̀n kan ṣoṣo ló ní,
èyí tí baba rẹ̀ lò níbi òkúta, awọ rẹ̀ ti dán bí ojú ẹja.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tegwen ti tọrọ rẹ̀ fún àpótí gíláàsì.
"Bí mo bá fún ọ," ni ó máa ń wí,
"kí ni n óò wá fi wọ̀n ọ́?"

Mared dìde, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù,
ẹrẹ̀ ṣì wà lórúnkún rẹ̀.
Ó ní ẹ̀bá ògiri ni bàbá àgbà òun sùn sí,
aṣọ́lé ni nígbà ayé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bí abọ́.
"Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri,
òun la máa ń lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."
Ó fẹ́ sọ sí i. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ó jókòó.

Mẹ́ta gbà, mẹ́ta kọ̀.
Gbogbo ojú yí sí Eluned.
Ó ní kí àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò wá wò ó ná.
Mo kọ ọ́: *A sún ọ̀rọ̀ náà síwájú.*
Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ni ó ní ẹsẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngán, mo gba ẹ̀yìn pápá.
Iná tọ́ọ̀ṣì kan ń rìn nínú òjò.
Idwal ló di orí okùn kan mú,
Mared di ìkejì, ó dúró lẹ́bàá ògiri,
wọ́n ń pariwo iye ẹsẹ̀ bàtà síra wọn.
N kò bi wọ́n bóyá ti òkú ni tàbí ti góòlù.
Okùn náà gùn, ó ti ń tẹ̀ sínú ẹrẹ̀.
Mo gbé ìwé ìpàdé sábẹ́ kóòtù,
mo sì lọ dì í mú láàárín.