Ojú Mẹ́ta Nínú Kọ̀rólà

Ìyáàfin Ṣónẹ́yẹ gbé Kọ̀rólà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mákùn,
bọ́ńpà ẹ̀yìn wọ́ bí ẹnu ẹni tí eyín ń dùn.
Dírẹ́bà ní òun ò mọ nǹkan kan,
pé ògiri ló wá bá mọ́tò níbi tó dúró sí.
Ni ìyá bá ra kámẹ́rà olójú mẹ́ta,
ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi tòun ti páálí:
"Òsínáìkẹ́, dè é, kí o sì dán an wò dáadáa.
Mi ò lówó tí mo fi ń ra ojú tí ò ríran."

Ojú kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú, ó kọjú sí títì.
Èkejì fẹ̀yìn tì í, ó kọjú sí wa.
Ẹ̀kẹta, mo fa wáyà rẹ̀ gba abẹ́ rọ́bà ilẹ̀kùn,
gba abẹ́ òrùlé, títí dé gíláàsì ẹ̀yìn.
Ọmọ iṣẹ́ mi ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.
Mo jágbe mọ́ ọn.
Mo máa ń jágbe.

Ìrọ̀lẹ́ la gbéra, òjò ti ṣú.
Ní Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kadà kan já wa sílẹ̀,
mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, kí n lè bi kámẹ́rà léèrè tó bá yá.
Ní Ìlíṣàn mo tẹ bíréèkì lójijì,
orí ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù.
Ní Ìpẹru ilẹ̀ ṣú, òjò dé,
tírélà kan sì tan gbogbo iná ayé sí wa lójú.
Mo páàkì. Mo ní, "Ìwọ yìí, jókòó síbẹ̀, má fọwọ́ kan nǹkan kan."
Mo lọ ra àgbàdo sísun lábẹ́ agbòòrùn ẹnìkan,
pé tí mo bá ń bọ̀, n ó gbá bọ́ńpà lẹ́ṣẹ̀ẹ́,
kí n mọ̀ bóyá ojú tó sùn yóò jí.

Lóru mo yọ káàdì, kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ,
mo kì í bọ kọ̀ǹpútà àbúrò mi.
Ojú iwájú ka nọ́ńbà ọ̀kadà bí agbowó-orí,
àmọ́ nígbà tí tírélà dé, funfun gbòò,
bí ẹni da ẹ̀kọ mímu sí i lójú.
Ojú ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ti bò ó láti Ìlíṣàn,
ó ń wo Rẹ́mọ láti inú àgbá epo pupa.

Ojú inú wá kàn.
Mo rí bàbá kan nídìí ọkọ̀, ó fajúro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.
Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ni.
Bàbá náà bọ́ sílẹ̀ sínú òjò.
Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún sídìí ìtọ́kọ̀,
ó fajúro.
"Ṣé orí ẹ pé? Ṣé wáyà pupa nìyẹn?
Èmi nígbà tí mo tó ẹ, mo ti ń tún jẹnerétọ̀ ṣe!"
Ohùn mi gan-an, pẹ̀lú ikọ́ tó máa ń wà láàárín rẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yíjú sí ìjókòó tó ṣófo,
tó fi ohùn ara rẹ̀ dáhùn:
"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kásìmaawò lorúkọ mi."

Lẹ́yìn ìyẹn, gbì! Ẹ̀ṣẹ́ mi lára bọ́ńpà.
Ó fò padà síbi ìjókòó rẹ̀ bí ọ̀kẹ́rẹ́.

Mo fà á sẹ́yìn. Mo tún gbọ́ ọ.
Oṣù méje. Ìyá rẹ̀ dárúkọ náà fún mi
lọ́jọ́ tó mú un wá láti Orù; jẹnerétọ̀ ń ké,
mi ò gbọ́, ojú sì tì mí láti tún bèèrè.

"Ó dáa, Mà. Ẹ máa nu tẹ̀yìn.
Tiwájú ò fẹ́ràn iná ọ̀gánjọ́."
"Tinú ńkọ́?"
"Tinú ríran jù."
Mo ti pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ kó tó dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, sípánà jábọ́ lọ́wọ́ ọmọ, gbalagada.
Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, wọ́n ń retí ohùn mi.
"Kásìmaawò," ni mo wí,
mo sì gbàgbé ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e.
Kò wo ojú mi. Òkè àjà ló kọ́kọ́ wò,
bí ẹni tó ń wá ibi tí ojú kan fara pamọ́ sí.