Ìwọ àti Ẹ̀yin

Wọ́n ti mú iná lọ ní Tanke. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù
sórí eré ìtàgé Òyìnbó, irinwó ọdún sẹ́yìn.
Ọmọ ọ̀dọ̀ ń dá olówó rẹ̀ lóhùn,
"ẹ̀yin, ẹ̀yin," títí dé ojú ewé ọgọ́ta.
Ibẹ̀ ló ti wí pé "ìwọ."

Ara mi bù máṣọ.

Òyìnbó ti sọ "ìwọ" yẹn nù tipẹ́.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúkòtún ní, ta ló fi í hàn ọ́?

Mo rántí Òkèlele, èéfín ìkòkò,
èmi ọmọ ọdún méje, tí mo bi Ìyá Rafátù:
"Ṣé o ti jẹun?"
Ọwọ́ tó kún fún amọ̀ tútù
dún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Mo ní, ìyá mi ni, sà.
Ìkòkò ni wọ́n ń mọ.